Ìfọpo àti Ìfọ́po: Ọ̀rọ̀ Epo Rọ̀bì Ìpínlẹ̀ Oǹdó Nínú Èdè Yorùbá

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ará Ìlàjẹ ní etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Epo rọ̀bì wà nínú òkun tí ó wà níwájú ilé wọn. Ọkọ̀ ojú omi wọn kò lè gbéra láìsí epo bẹntiróòlù. Síbẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń rà ti ń wá, ó sì máa ń wọ́n ju ti ìlú ńlá lọ. Kí ló dé tí wọn kò lè fọ epo níbi tí wọ́n ti ń wa á? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti gbìyànjú láti dáhùn irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń dáhùn. Kí ìdáhùn náà tó di Yorùbá lórí rédíò tàbí níbi ìpàdé ìlú, ohun tí ó délẹ̀ kì í sábàá jẹ́ ohun tí ó gbéra. Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ mélòó kan ni. Èyí tí ó burú jù nínú wọn sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan: fọ̀.

Ẹni tí ó fọ aṣọ, aṣọ ni ó gbé lọ sódò, aṣọ náà ni yóò gbé bọ̀. Ìdọ̀tí nìkan ni omi gbé lọ. Bákan náà ni ti àwo, bákan náà ni ti ẹnu. Èrò tí ó wà nínú fọ̀ ni pé ohun rere kan wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ohun tí kò yẹ wá lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn oníròyìn kọ́kọ́ pe ilé-iṣẹ́ yìí ní ilé ìfọpo, kò sí ẹni tí ó bá wọn jà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ wá ni pé epo rọ̀bì di epo bẹntiróòlù tí ó dọ̀tí lójú ará ìlú. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé wọ́n wa 1,000 àgbá epo rọ̀bì yóò máa retí nǹkan bí 1,000 àgbá epo bẹntiróòlù. Bí kò bá rí i, yóò ní wọ́n ti jí i. Olè wà nínú ọ̀rọ̀ epo ilẹ̀ Nàìjíríà lóòótọ́, ṣùgbọ́n olè kọ́ ni ó fa ti èyí.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó lè tú ọ̀rọ̀ náà fún wọn kedere. Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sè ògógóró mọ bí ó ṣe ń lọ. Wọn yóò da ògùrọ̀ tí ó ti kan sínú àgbá irin, wọn yóò dé e pa, wọn yóò dáná sí i nídìí, wọn yóò sì fa páìpù láti ẹnu àgbá náà gba inú omi tútù kọjá. Bí ògùrọ̀ bá ti ń gbóná, ọtí inú rẹ̀ ni yóò ṣáájú omi di ooru, nítorí pé iná tí ọtí ń fẹ́ kí ó tó hó kò tó èyí tí omi ń fẹ́. Ooru ọtí yóò gba inú páìpù, yóò kan ibi tí ó tutù, yóò di olómi padà, yóò sì máa kán sínú ìgò. Èyí tí ó kù nínú àgbá, omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí í sọ pé òun fọ ògùrọ̀. Wọ́n sè é, wọ́n sì ya ọtí inú rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ epo kò yàtọ̀ sí èyí ní ìpìlẹ̀. Wọn a gbé epo rọ̀bì gba inú iná ìléru títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 350 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì di ooru. Wọn a wá darí rẹ̀ sí ìdí òpó irin gíga kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná, tí òkè rẹ̀ kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí ooru náà ti ń gòkè ni ó ń tutù, ẹ̀yà epo kọ̀ọ̀kan yóò sì di olómi ní àjà tí ó bá tirẹ̀ mu. Dísù ń bọ́ sílẹ̀ ní àjà ìsàlẹ̀. Kẹrosíìnì ń bọ́ sílẹ̀ lókè rẹ̀. Náfútà, èyí tí a ń ti inú rẹ̀ ṣe epo bẹntiróòlù, gòkè ju kẹrosíìnì lọ, gáàsì ìdáná sì ń gba orí òpó jáde. Ohun tí kò di ooru rárá kù sí ìdí òpó, ó nípọn, ó dúdú. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òpó yìí àti àgbá ẹlẹ́mu ni pé ohun kan ṣoṣo ni ẹlẹ́mu ń wá, nígbà tí òpó ń mú ohun márùn-ún tàbí mẹ́fà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, yálà oníṣòwò ń fẹ́ gbogbo wọn tàbí kò fẹ́.

Ìsèyàsọ́tọ̀ ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ òpó yìí mu. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ìwé tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà rẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ohun tí ó hàn gbangba ni pé ọ̀rọ̀ tí ó bá fi iṣẹ́ ohun kan hàn ni ọmọdé ń rántí. Olùkọ́ tí ó bá sì fẹ́ fi ojú rí bí ohun kan ṣe lè bí ohun púpọ̀ kò ní láti lọ jìnnà ju ẹbu lọ. Nínú eyin ọ̀pẹ kan náà ni obìnrin ti ń rí epo pupa lára ẹran rẹ̀, àdín nínú ekùrọ́ rẹ̀, àti ihá tí a fi ń dáná. Kò sí ọgbọ́n tí ó lè dá tí gbogbo eyin náà yóò fi di epo pupa nìkan. Bí àdín bá wà lọ́jà lọ́pọ̀ yanturu, tí kò ní olùrà, ìpàdánù náà yóò kan èrè orí epo pupa.

Orúkọ àwọn ọmọ epo rọ̀bì wọ̀nyí tún ní ìdààmú tiwọn. Bẹntiróòlù ti wọlé dáadáa. B tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wáyé nítorí pé p Yorùbá kì í ṣe p èdè Gẹ̀ẹ́sì, b ni ó sì sún mọ́ ọn létí àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kẹrosíìnì ń jẹ́ epo òyìnbó nítorí pé epo pupa ti wà kí ó tó dé. Ti dísù ni ó le. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ ń pè é ní gáàsì, àwọn alásè sì ń pe ohun mìíràn pátápátá ní gáàsì. Ìwé tí ó bá sọ pé ilé-iṣẹ́ kan yóò máa ṣe gáàsì fún ìpínlẹ̀, tí kò sì ṣàlàyé èwo, yóò mú kí ìyàwó ilé àti onímọ́tò máa yọ̀ lórí ohun kan náà, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní rí nǹkan kan. Ní ti kẹrosíìnì àti náfútà, ikú ni ó wà nínú àṣìṣe. Àjà méjèèjì sún mọ́ra nínú òpó, ṣùgbọ́n náfútà yára gbaná ju kẹrosíìnì lọ fíìfíì. Bí wọn kò bá yà wọ́n dáadáa, tàbí tí oníwọra kan bu èyí tí ó pọ́ sínú èyí tí ó wọ́n, àtùpà àti sítóòfù a máa bú gbàmù mọ́ àwọn ará ilé lójú. Àbùlà ni Yorùbá ń pe irú epo bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ti ń pe ẹmu tí a bu omi là. Ọ̀rọ̀ náà tọ́, àmọ́ ó fi ewu náà pa mọ́, nítorí pé ẹmu àbùlà kì í pa ẹnikẹ́ni.

Bí fọ̀ bá ń ṣi ni lọ́nà, ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn wà tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù ú lọ, òun náà ni fọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ tí í ṣe àbọ̀ rẹ̀ bá tẹ̀lé e, nítorí náà ni fọ̀ fi di fọ nínú fọ epo, tí ó sì bí ìfọpo. Fọ́ kì í yí ohùn padà. Fọ́ epo ni yóò jẹ́, ìfọ́po ni yóò sì bí. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ìfọpo àti ìfọ́po, ìwé ìròyìn tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ kò sì ní fi ìyàtọ̀ náà hàn rárá. Iṣẹ́ méjèèjì wà lóòótọ́, wọ́n sì yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn tí òpó bá ti ya epo rọ̀bì sọ́tọ̀, ìdá ńlá kan nínú rẹ̀ ṣì jẹ́ epo tí ó wúwo, tí mólékù rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n kábọ́nù gígùn. Ilé-iṣẹ́ ńlá a máa gbé epo wíwúwo yìí lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn, níbi tí iná àti ohun amúṣẹ́yá kan yóò ti fọ́ ẹ̀wọ̀n gígùn wọ̀nyí sí kéékèèké, tí púpọ̀ nínú wọn yóò fi di èròjà epo bẹntiróòlù. Èyí gan-an ni ìfọ́po. Náfútà tí ó ti orí òpó wá pẹ̀lú kò tíì yẹ fún mọ́tò. Bí wọ́n bá dà á sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa gbaná ṣáájú àkókò, ẹ́ńjìnì yóò sì máa ró kọ̀kọ̀kọ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Wọ́n ní láti tún ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tò nínú ẹ̀rọ tí amúṣẹ́yá rẹ̀ ní pílátínọ̀mù nínú, owó ẹ̀rọ náà kò sì kéré. Ìtúntò ni a lè pe ìyẹn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ èdè ti di ọ̀rọ̀ owó. Ilé ìfọpo kékeré tí àwọn ìpínlẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mọ́dúlà, sábà máa ń ní òpó ìsèyàsọ́tọ̀ nìkan. Kò ní ẹ̀rọ ìfọ́po, kò sì ní ẹ̀rọ ìtúntò. Èyí tí ó wà ní Ogbele ní ìpínlẹ̀ Rivers bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1,000 àgbá lójúmọ́, dísù ni ó sì ń ṣe nígbà náà. Èyí tí wọ́n ṣí ní Ibigwe ní ìpínlẹ̀ Imo ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 lè gba 5,000 àgbá lójúmọ́. Dísù, kẹrosíìnì, náfútà àti epo dúdú wíwúwo ni ó ń ti ibẹ̀ jáde. Ilé-iṣẹ́ gidi ni wọ́n, wọ́n sì wúlò. Ṣùgbọ́n ará Ìlàjẹ tí ó gbọ́ pé wọn yóò kọ́ irú rẹ̀ sí Ìgbókọ̀dá, tí ó sì ń retí epo bẹntiróòlù fún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, náfútà ni yóò máa wo lẹ́yìn odi bí wọ́n ti ń gbé e lọ tà fún ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí ó parọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà, ìfọpo, ni ó ṣe ìlérí tí òpó kò lè mú ṣẹ. Ìtumọ̀ mọ́dúlà gan-an tún fẹ́ àkíyèsí: kì í ṣe kékeré, bí ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ti ń túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní ìdá-ìdá níbòmíràn, tí wọ́n wá tò pọ̀ níbi tí yóò ti ṣiṣẹ́ ni, ó sì lè tóbi bí wọ́n bá ń fi ìdá kún ìdá. Àtòpọ̀ bá a mu ju kékeré lọ.

Ìtàn àwọn ilé ìfọpo ńlá ti Nàìjíríà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro láti sọ. Wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní ọdún 1956, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí òkè òkun ní ọdún 1958. Ilé ìfọpo àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Alesa-Eleme lẹ́bàá Port Harcourt ní ọdún 1965, ti Warri tẹ̀lé e ní 1978, ti Kaduna ní 1980, èkejì ti Port Harcourt sì dé ní 1989. Àpapọ̀ agbára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 445,000 àgbá lójúmọ́ lórí ìwé. Ti Kaduna ni ó ní ẹ̀kọ́ jù nínú wọn. Ọ̀pá tí ó ju 500 kìlómítà lọ ni epo rọ̀bì ń gbà dé ibẹ̀ láti gúúsù, bí wọ́n bá sì ti lu ọ̀pá náà níbì kan, ilé-iṣẹ́ yóò dákẹ́. Wọ́n tún fẹ́ kí ó máa ṣe òróró ẹ́ńjìnì àti ọ̀dà, epo rọ̀bì ilẹ̀ Nàìjíríà sì fúyẹ́ jù fún ìyẹn. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe ètò pé kí a máa ra epo rọ̀bì wíwúwo láti òkè òkun wá fún un. Orílẹ̀-èdè tí ń ta epo rọ̀bì ń ra epo rọ̀bì. Ẹni tí ó bá mọ ìfọpo ní ìfọṣọ kò ní lóye èyí láé. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní ìsèyàsọ́tọ̀ kò ní bú ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 2002 ìjọba fún ilé-iṣẹ́ aládàáni 18 ní ìwé àṣẹ láti kọ́ ilé ìfọpo. Ọdún kọjá lórí ọdún, ìwé náà pọ́n, ilé kò dìde. Èyí tí ó dìde lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni ti Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, tí agbára rẹ̀ tó 650,000 àgbá lójúmọ́. Wọ́n ṣí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Dísù àti epo ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2024, epo bẹntiróòlù tẹ̀lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ti ìjọba ní Port Harcourt tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá 2024, wọ́n sì tì í ní oṣù karùn-ún 2025. Ti Warri kò pé oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó tún dúró.

Kí ni ó dé tí ìwé àṣẹ 18 kò fi bí ilé 18? Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó lè ṣàlàyé rẹ̀, àwọn ògbufọ̀ sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí ìwádìí ìṣeéṣe. Ó ṣeé ṣe, nínú èdè Yorùbá, kò ju pé ohun náà kò kọjá agbára ènìyàn. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn máa ti Àkúrẹ́ gbé omi lórí lọ sí Èkó lọ tà. Ohun tí onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń wádìí jìnnà sí ìyẹn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí a ná yóò padà, láàrin ìgbà wo, àti lọ́wọ́ ta ni. Àwọn ìyálọ́jà ti ní ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà láéláé: wọ́n ń sọ pé ọjà pé wọn tàbí kò pé wọn. Ìpé ì bá sì tọ́ bí kò bá jẹ́ pé ó tún ń tọ́ka sí ohun tí kò ní àbùkù. Ìwádìí pípé, bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwádìí tí ó kún rẹ́rẹ́ ni òǹkàwé yóò kà. Nítorí náà ni ìwádìí ìpawó-wọlé fi dára jù, bí kò tilẹ̀ dùn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kúkú lè máa lo ìṣeéṣe fún apá ti ẹ̀rọ àti ilẹ̀ nìkan, kí wọ́n sì fi ìpawó-wọlé kún un. Ìwé tí ó bá sọ pé ilé ìfọpo ṣeé ṣe, tí kò sì sọ bóyá yóò pa owó wọlé, kò ì tíì sọ nǹkan kan.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn sí ìyẹn wà lọ́wọ́ ìjọba. Ìjọba ni ó ń fi iye lé epo bẹntiróòlù, ó sì ń san owó ìrànwọ́ lé e lórí. Láti ọdún 1975 tí wọ́n ti dá àpò owó ìmú-iye-dọ́gba sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń lépa ni pé kí iye tí wọ́n ń ta epo ní Èkó àti ní Máídúgùrì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni èrè ẹni tí ó kọ́ ilé ìfọpo sí ẹ̀bá ibi tí epo ti ń jáde? Kò lè tà ní iye tí yóò san án padà, kò sì lè jàǹfààní pé òun sún mọ́ olùrà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, iye epo bẹntiróòlù ní Èkó fò láti nǹkan tí kò tó 200 náírà sí èyí tí ó ju 480 lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ará ìlú jìyà rẹ̀ gidigidi, ìyà náà kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni ìbéèrè àwọn ará Ìlàjẹ kúrò ní àlá lásán, tí ó di ohun tí a lè ṣírò.

Ìṣirò náà kò rọrùn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ bí ilé ìfọpo yóò ṣe tóbi tó, ó ní láti mọ iye epo tí ìpínlẹ̀ ń lò. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni iye epo tí àwọn ọkọ̀ agbépo gbé jáde ní dẹ́pò, wọ́n sì ń ka gbogbo rẹ̀ sí èyí tí ìpínlẹ̀ lò. Gbígbé jáde yàtọ̀ sí lílò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni epo Nàìjíríà tí owó ìrànwọ́ mú kí ó pọ́ ti ń sá gba ẹnubodè kọjá, tí wọ́n sì ń tà á nínú ìgò ní ẹ̀bá títì ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́ àti títí dé Lomé. Kpayo ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Bìní Olómìnira, ọ̀rọ̀ èdè Gùn tí ó ń tọ́ka sí ohun tí kì í ṣe ojúlówó. Nígbà tí owó ìrànwọ́ dópin ní 2023, iye tí ìwé ìjọba ń kà sí lílò ilẹ̀ Nàìjíríà já wálẹ̀ lójijì. Òótọ́ ni pé ọ̀wọ́n mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé ọkọ̀ wọn kalẹ̀. Síbẹ̀, apá kan nínú epo tí ó pòórá náà, kò sẹ́ni tí ó lò ó nílẹ̀ yìí rí.

Ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, àṣìṣe náà tún lè gba ọ̀nà kejì wá. Ẹni tí ó bá ka iye mọ́tò láti fi mọ iye epo yóò rí iye tí ó kéré jù, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò wọn. Ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ ti lo ọdún tí ó ju mẹ́wàá lọ láìrí iná mànàmáná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ sì ni aláṣọ, onírun àti ẹlẹ́ja tútù fi ń ṣiṣẹ́. Àgbá àti kẹ́ẹ̀gì ni epo fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí ilé epo tí ń kọ ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbá pàápàá fẹ́ ṣọ́ra. Àgbá tí onímọ̀ epo ń sọ jẹ́ lítà 159. Àgbá tí ó wà lẹ́yìnkùlé oníṣòwò ju lítà 200 lọ. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ àgbá láìsọ èwo ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kún un tàbí dín in kù. Bí a bá fi àgbá onímọ̀ ṣírò, ilé ìfọpo tí ó ń gba 5,000 àgbá lójúmọ́ ń gba lítà 795,000, èyí tí ó tó nǹkan bí ọkọ̀ agbépo 24 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé lítà 33,000. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú 5,000 àgbá yóò gbọ́ ọkọ̀ 24, nítorí pé ó ti rí i tí wọ́n tò sójú ọ̀nà ní Ọ̀rẹ̀. Yóò sì tún gbọ́ bí a bá sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo 24 ni ó gbé ohun tí ó ń fẹ́.

Kí ni ìwádìí tí ó tọ́ yóò wá sọ nípa Oǹdó? Títí di ọdún 2016, tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Aje níwájú Badagry, Oǹdó nìkan ni ìpínlẹ̀ Yorùbá tí ń mú epo rọ̀bì jáde. Inú òkun ni kànga rẹ̀ pọ̀ sí. Epo àwọn kànga inú òkun ìwọ̀-oòrùn Niger Delta sì ń gba èbúté Escravos jáde, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń gbé e. Kí epo náà tó lè yà sí Ìgbókọ̀dá, wọ́n ní láti fa ọ̀pá tuntun gba inú ẹrẹ̀ àti omi kọjá, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ará Ayétòrò kò nílò ẹlẹ́rìí lórí ìyẹn. Ní etíkun kan náà, ní ìwọ̀-oòrùn, ni ti Ìbẹ́jú-Lẹ́kí wà, tí ó tóbi tó ilé Ibigwe ní ìlọ́po 130. Ilé kékeré tí ó bá fẹ́ bá a du epo bẹntiróòlù yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá mọ̀ pé dísù àti kẹrosíìnì ni òun lè ṣe, tí ó sì ń tà á fún àwọn ọkọ̀ ẹja ńlá, àwọn jẹnẹrétọ̀ ńlá àti àwọn oko ọ̀pẹ Òkìtìpupa, lè rí ẹsẹ̀ dúró lé. Ìdájọ́ ti èdè nìkan ni pé kí wọ́n má ṣe pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ohun tí yóò mú epo mọ́tò pọ́.

Ohun mìíràn tún wà ní Oǹdó tí orúkọ rẹ̀ ń dí lọ́wọ́. Ní Agbabu ni ọ̀dà ilẹ̀ ti ń yọ fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láti 1908 títí ogun 1914 fi dá wọn dúró. Nàìjíríà ṣì ń ra ọ̀dà títì láti òkè òkun fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí pé ọ̀dà ni ó ń jẹ́, tí kì í ṣe epo, àwọn tí ń sọ̀rọ̀ epo ìpínlẹ̀ náà sábà máa ń fò ó dá, bí ẹni pé kì í ṣe ẹbí kan náà. Ẹbí ni. Epo tí àwọn ẹ̀yà fífúyẹ́ ti fò kúrò lára rẹ̀ nínú ilẹ̀ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni. Ohun tí òpó ìsèyàsọ́tọ̀ ń fi ọjọ́ kan ṣe ni ilẹ̀ fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ṣe.

Òfin Ilé-iṣẹ́ Epo ti ọdún 2021 ti fi iṣẹ́ tuntun lé àwọn ògbufọ̀ lọ́wọ́. Ó pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tí ń wa epo máa fi ìdá 3 nínú 100 ìnáwó iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún tí ó kọjá sínú àpò àwọn ìlú tí ó gbà á lálejò. Ìnáwó ni òfin sọ, kì í ṣe èrè. Ìlú tí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ fún sí èrè yóò máa wo iye epo tí wọ́n tà, yóò sì máa bínú sí ìṣirò tí kò ní àṣìṣe kankan. Tàbí, ní ọdún tí ilé-iṣẹ́ bá ní òun kò jèrè, yóò gbà pé kò sí owó, nígbà tí owó wà.

Ìfọpo ti di ti gbogbo ènìyàn, kò sí ẹgbẹ́ onímọ̀ tí ó lè gbà á lẹ́nu wọn mọ́. Kí ó máa jẹ́ orúkọ gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀, kí ìsèyàsọ́tọ̀, ìfọ́po àti ìtúntò sì máa jẹ́ orúkọ àwọn ìpele inú rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé pérépéré lórí ìfọ́po. Náfútà ni kò tíì ní orúkọ Yorùbá. Ó lè jẹ́ pé orúkọ náà wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ì tíì bèèrè rẹ̀. Àwọn tí ń sè ògógóró mọ̀ pé ọtí tí ó kọ́kọ́ kán kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ó ń kán nígbà tí iná bá ń lọ sílẹ̀. Wọn kì í sì í dà wọ́n pọ̀ láìronú. Kí olùwádìí èdè tó jókòó sí yàrá ìkàwé láti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yà epo tí ó kọ́kọ́ fò, ó yẹ kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkálẹ̀, kí ó jókòó ti àgbá kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó sì máa kọ ohun tí wọ́n ń pe ìkán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.